Air fryer nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí a ṣe lè lò ó láìséwu, kó sì wúlò lójoojúmọ́

Air fryer, ẹ̀rọ oníná tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná dín oúnjẹ, ti wọ ìlú wa dáadáa. Èèyàn ń rí i nínú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé ní Tákíè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé e sínú yàrá wọn ní Under G, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ń fi í ránṣẹ́ sí ìyá wọn nílé. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Òróró tó ń ná wa lówó gọbọi báyìí, ẹ̀rọ yìí ń bá wa dín in kù, kò sì sí pé òróró gbígbóná ń ta síni lójú.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí dòdò, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí mọ̀. Ẹ̀rọ iná ńlá ni, kó tó di ohun ìdáná. Ó gbé ewu kúrò nínú agbada lóòótọ́, àmọ́ inú ògiri ló gbé e lọ, níbi tí wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹni tó bá mójú tó ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti gbádùn ìyókù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ògiri fi máa pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó ń ṣe nínú

Ààrò kékeré oníná ni. Wáyà ìgbóná wà lókè, fáànù wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ ooru náà yí oúnjẹ ká kíákíá. Ooru yìí ló ń gbẹ omi ojú oúnjẹ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, tí á sì le. Fred van der Weij, ará Netherlands, ló ronú rẹ̀ kàn, ilé-iṣẹ́ Philips sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2010. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbóná ju 200°C lọ.

Tí ẹ bá ti mọ̀ pé atẹ́gùn gbígbóná ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ibi tí atẹ́gùn kò bá dé, kò ní pọ́n. Nítorí náà, a kì í kó oúnjẹ jọ gègèrè sínú apẹ̀rẹ̀ oníhò tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá fúyẹ́, atẹ́gùn á gbé e. Ohun tó bá ṣàn, á jò gba ojú ihò bọ́ sílẹ̀ kó tó le.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ má wo àwọ̀ tó ń dán. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.”

“Ṣé kò sí, Màmá? Ojúlówó ni, òyìnbó ló lò ó.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kà á.”

Ohun tí ẹ ń wá nídìí rẹ̀ ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú V. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 220 sí 240V ni, 50Hz. Tí ẹ bá rí 120V, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Bí ẹ bá tì í bọ iná wa tààrà, á jó. Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù mọ́ ọn. Èyí tó lè gbé air fryer tóbi, ó sì wọ́n, kékeré tí wọ́n ń lò fún rédíò kò lè gbé e. Ẹ fi ti 120V sílẹ̀ fún wọn.

Nọ́ńbà kejì ni èyí tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú W, ìyẹn bí iná tó ń fà ṣe pọ̀ tó. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín 1,000 sí 1,800W. Ẹ rántí iye tó wà lára tiyín, torí a máa padà sí i.

Ẹ tún fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síta, kí ẹ wo inú. Àwọ̀ dúdú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, kó má ti ha, kó má ti máa ṣí. Ẹ wo wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí, pàápàá ibi tó ti wọ inú ẹ̀rọ, bóyá ó ti ń ya tàbí wọ́n ti fi téèpù wé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tì í bọ iná fún ìṣẹ́jú 10 lójú yín. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dá lójú kò ní bínú sí ìyẹn.

Ẹni tó bá ń ra tòkúnbọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ju èyí lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Cosori ní kí àwọn oníbàárà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 air fryer padà ní Amẹ́ríkà, torí pé ibi tí wáyà kan ti so pọ̀ nínú rẹ̀ lè gbóná jù, kó sì gbiná. Ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ nìyẹn o, ó sì kéde rẹ̀ fún aráyé. Ohun tí wọ́n dá padà lókè òkun lè bá kọ̀ǹténà dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “recall”, ìyẹn ìpè pé kí wọ́n dá ọjà padà, kí ẹ wo ohun tó máa jáde, kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ìtóbi, lítà 3 sí 4 tó fún tọkọtìyàwó tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tí ọmọ bá wà, ẹ wá lítà 5 sókè. Èyí tó bá kéré jù máa sọ yín di ẹni tó ń dín dòdò ní ìpele-ìpele títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ògiri

Ká ní 1,500W ni tiyín. Iye iná tí gílóòbù LED oní-10W 150 máa jẹ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ní iná 230V, ó ń fa nǹkan bíi áńpíà 6.5. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta ti 13A tó wà lára ògiri wa lè gbé e dáadáa, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá le, tí wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì nípọn tó. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, ní Masífà àti káàkiri àárín ìlú, nígbà tí wọ́n ń fa wáyà wọn, gílóòbù, rédíò àti fáànù ni onílé ní lọ́kàn. Wáyà 1.5 mm² tí a ń fà fún gílóòbù, wọ́n á lọ fà á dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì tó 2.5 mm². Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ lò nínú ilé ìdáná, kó wò ó. Iṣẹ́ kékeré ni. Kó wò ó pẹ̀lú bóyá ẹ́ẹ̀tì ilé náà, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ń ṣiṣẹ́, torí ara irin ni apẹ̀rẹ̀ àti inú ẹ̀rọ yín, omi sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná.

Ara ògiri tààrà ni kí ẹ ti tì í bọ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹksténṣọ̀n sí i, pàápàá àwọn funfun olówó pọ́ọ́kú tí wáyà inú wọn tín-ín-rín. Ẹ má sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà gbé air fryer, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù. Bí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá jẹ́ oríṣi tí kò bá ihò wa mu, ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí síkúrú ti ihò òkè kí ẹ tó rọ́ ọ wọlé bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe sí ṣájà fóònù. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gé e, kó fi púlọ́ọ̀gì 13A tó ní fíúùsì sí i.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ kó di àṣà yín. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ rí i pé ọwọ́ yín gbẹ, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ike púlọ́ọ̀gì náà níbi tó ti wọ ògiri. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kò burú. Bó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fẹ́ yọ ọwọ́ kúrò, ẹ pa á láti ara ògiri, kí ẹ má sì tún lo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ tún ṣọ́ra fún ike tó ti ń pọ́n tàbí tó ń dúdú létí ihò, fún òórùn bí ike tó ń jó, àti fún ariwo ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ tó ń ti inú ògiri jáde. Kò sí èyí tó ṣeé fi dúró di ọ̀la nínú wọn.

Iná tiwa kì í dúró sójú kan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí adìẹ wà nínú ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ìgbà tí iná bá ń padà dé ló máa ń wọlé gìrì, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ dúró kó balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó tún un tì bọ̀ ọ́. Bí kò bá tètè dé, ẹ má jẹ́ kí adìẹ tàbí ẹja tí kò tíì jiná jókòó sínú ooru lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn pẹ́, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti ń pọ̀ sí i. Ẹ kó o sórí gáàsì, kí ẹ parí rẹ̀. Bí iná bá sì wálẹ̀ gan-an, tí fáànù ilé ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ náà ò ní gbóná dé ibi tí ẹ fi sí. Aago rẹ̀ á dún pé ó ti jiná nígbà tí inú ẹran ṣì pupa.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1 kVA kò lè gbé e, ẹ má dán an wò. Ti 2.5 kVA lè gbé e bí kò bá sí ẹrù mìíràn lórí rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ náà sì wà níta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó pọ̀. Ìnfátà 1 kVA náà kò gbé e. Sítábíláísà tí ẹ bá fẹ́ fi sí i gbọ́dọ̀ ju iye W ẹ̀rọ náà lọ dáadáa. Èyí tí ẹ fi ń ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n kò tó.

Ẹ ó fẹ́ mọ iye iná tó ń jẹ. Ẹ̀rọ 1,500W tó bá ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú gbáko máa jẹ ìdajì yúnìtì. Ó sábà máa ń dín sí bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ náà máa ń dá wáyà ìgbóná rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ti gbóná tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225, ó sì ti ń lọ sókè sódò láti ìgbà náà. Nítorí náà, ẹ wo iye tí yúnìtì kan jẹ́ lórí rìsíìtì tí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, fún yín nígbà tí ẹ ra iná gbẹ̀yìn, kí ẹ pín in sí méjì. Iye tí abọ́ dòdò kan máa ná yín ní iná nìyẹn. Ẹ wá fi wé òróró tí ẹ ò bá dà sínú agbada.

Ibi tí ó máa jókòó sí

Orí ohun tó le tí iná kò lè tètè mú ni: símẹ́ńtì, táìlì, tàbí pákó tó nípọn. Ẹ má gbé e sórí rọ́bà tàbí aṣọ tábìlì. Ẹ má gbé e sórí ààrò gáàsì láé, kódà bí ààrò náà bá kú. Ẹnì kan lè ṣèèṣì yí bọ́tìnnì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ooru ti ń jáde, nítorí náà ẹ fi àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí kọ́tìnì jìnnà sí i. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ tí àwa máa ń fi sí igun ilé ìdáná gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Sílíńdà gáàsì náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà.

Wáyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fì sílẹ̀ níwájú tábìlì níbi tí ọmọ tó ń rákò lè ti fà á.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

1. Ẹ yọ gbogbo ike, páálí àti bébà tó wà nínú àti lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń fi ohun kan pamọ́ síbẹ̀.
2. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti kànrìnkàn tó rọ̀ fọ apẹ̀rẹ̀ àti dúrọ́ọ̀ tí apẹ̀rẹ̀ ń jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ nù wọ́n gbẹ.
3. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ tan ẹ̀rọ náà sí 200°C lófìfo fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Á máa rùn bí ohun tuntun tó ń jó, èéfín díẹ̀ sì lè yọ. Òórùn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni, ó máa ń lọ.
4. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò púlọ́ọ̀gì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.
5. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún apẹ̀rẹ̀ fọ̀. Bí òórùn náà bá ṣì wà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí oúnjẹ tó wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń sin ẹyẹ sínú ilé kó gbé e jáde kúrò nítòsí. Àwọ̀ dúdú inú apẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn, PTFE ni, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Teflon. Bí ó bá gbóná ré kọjá 260°C, ó máa ń tú èéfín tó ń pa ẹyẹ. Air fryer tó dára kì í gbóná dé ibẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ tó bá ní àbùkù lè ré kọjá ìwọ̀n rẹ̀.

Dòdò, dùndú, àti àwọn yòókù

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó ti ń ní àmì dúdú lára, àmọ́ tí kò tíì rọ̀ jù, ni kí ẹ mú. Èyí tó bá ti rọ̀ jù, ṣúgà ara rẹ̀ á jó kí inú rẹ̀ tó gbóná, á sì lẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ dà á sínú abọ́, ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fi ṣíbí tíì òróró kan pa á lára, kí ẹ rọra fọwọ́ yí i títí gbogbo rẹ̀ á fi máa dán. Ẹ ti jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná sílẹ̀ ní 180°C fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má gun èkejì. Tó bá di ìṣẹ́jú 7, ẹ fà á síta, ẹ yí i padà. Ojú tó wà nísàlẹ̀ á ṣì funfun, èyí tó wà lókè á ti ní ìlà pupa létí. Ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 6. Nígbà tí etí rẹ̀ bá pọ́n yíká, tí ẹ fi fọ́ọ̀kì gún àárín rẹ̀ tó sì wọlé wọ́ọ́rọ́, ó ti jiná. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ó gbẹ ju dòdò inú òróró lọ, tó bá sì tutù á le. Àmọ́ tí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣàròyé.

Dùndú fẹ́ omi kó tó fẹ́ ooru. Iṣu gbígbẹ tí a kàn gé sínú ẹ̀rọ á le koránkorán, inú rẹ̀ á sì máa ṣe ìyẹ̀fun. Ẹ gé e, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ. Ṣíbí ìjẹun òróró kan tó fún iṣu tó máa kún apẹ̀rẹ̀, ní 200°C, ìṣẹ́jú 15 sí 18. Ẹ gbọn apẹ̀rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀.

Wàrà ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ yìí, ìlú wa sì jẹ́ ibi tí wàrà pọ̀. Wàrà tí àwọn Fúlàní fi ewé bọmubọmu ṣe kì í yọ́ nínú ooru, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé dín. Ìṣòro rẹ̀ ni omi. Ẹ gbé e kúrò nínú omi rẹ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sáàárín aṣọ mímọ́ méjì, kí ẹ gbé àwo tó wúwo lé e fún ìdajì wákàtí. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á. Ẹ fi òróró díẹ̀ ra ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, torí wàrà fẹ́ràn láti lẹ̀. Ní 190°C, ìṣẹ́jú 10 sí 12 máa mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, tí inú rẹ̀ á sì rọ̀.

Ẹja Titus, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ata àti iyọ̀ pa á, 190°C, nǹkan bíi 15 ìṣẹ́jú. Kò fẹ́ òróró rárá. Ọ̀rá ara rẹ̀ ti tó. Ọ̀rá yìí ló máa ń kán sínú dúrọ́ọ̀, tó ń jó, tí ilé á kún fún èéfín. Bí ìwé ẹ̀rọ yín kò bá kà á léèwọ̀, ẹ da omi ṣíbí méjì sí abẹ́ apẹ̀rẹ̀, èéfín náà á rọlẹ̀.

Adìẹ agric tó rọ̀ ṣeé gbé sínú rẹ̀ ní tútù: itan rẹ̀ á gba bíi 25 ìṣẹ́jú ní 190°C. Adìẹ ìbílẹ̀ tàbí èyí tó ti yé ẹyin tán, ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ lórí gáàsì kí ẹ tó gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ojú rẹ̀ le. Ìdíwọ̀n tó dájú ni pé kí inú ẹran náà, nítòsí egungun, gbóná dé 74°C. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, kó gún ibi tó nípọn jù: omi tó máa jáde kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nínú rárá.

Àkàrà àná tó ti rọ̀, 160°C fún ìṣẹ́jú 4, á tún jí padà. Àmọ́ àkàrà tútù, ẹ jẹ́ kó wà nínú òróró. Bí ẹ bá dà á sínú apẹ̀rẹ̀, á jò. Bí ẹ bá dà á sínú agolo kékeré, mọ́ínmọ́ín gbígbẹ ni ẹ máa jẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún àkàrà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Póf-póf náà, bákan náà.

Kajú: ẹ fetí sílẹ̀

Ìlú kajú ni wá. Ọmọ tó bá rí i pé ẹ̀pà ń yan dáadáa nínú air fryer, ó rọrùn fún un láti ronú pé kóro kajú tó ń sun níta lórí iná igi máa yan níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kìlọ̀ fún wọn. Èèpo kóro kajú ní epo kan nínú tó ń jó ara, tó ń tètè gbiná. Ẹ ṣáà ń rí bí iná ṣe máa ń sọ láti inú agolo tí a fi ń sun ún. Bí ẹ bá gbé e sínú ẹ̀rọ yìí, epo náà á jáde, fáànù á fẹ́ èéfín rẹ̀ sí ojú àti ọ̀fun gbogbo ará ilé, ó sì lè gbiná níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti sun, tí wọ́n sì ti yọ kúrò nínú èèpo nìkan ló ṣeé mú gbóná nínú ilé.

Bébà tí a máa ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tí ẹ ń mú gbóná lófìfo. Fáànù á gbé e lọ bá wáyà ìgbóná, á sì jó. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín gbígbẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì da òróró sínú dúrọ́ọ̀ bíi pé agbada ni. Kì í ṣe ibi òróró.

Ṣé ó dára fún ara?

Ṣíbí ìjẹun òróró kan ní nǹkan bíi 120 kálórì. Ẹni tó bá fi ṣíbí kan rọ́pò agbada òróró ti dín ohun púpọ̀ kù, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ òróró tí a ń tún gbé kaná lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí á fi dúdú. Ìyẹn dá mi lójú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oògùn ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ àti Maggi tí a fi pa adìẹ ṣì wà níbẹ̀. A kò sì gbọ́dọ̀ lé epo kúrò nílé: ara nílò ọ̀rá díẹ̀ kó tó lè gba fítámì A inú ẹ̀fọ́ àti epo pupa.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Sweden kéde pé ohun kan tó ń jẹ́ acrylamide máa ń jáde nínú oúnjẹ bí iṣu, ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì bí a bá fi ooru tó ju 120°C lọ dín in tàbí yan án. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà fún ènìyàn. Agbada ń mú un jáde, air fryer náà ń mú un jáde. Bí oúnjẹ bá ṣe dúdú sí ló ṣe ń pọ̀ sí. Ohun tí a lè ṣe kò le: ẹ rẹ ọ̀dùnkún tàbí iṣu tí ẹ gé sínú omi fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó bọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ tó dín in, kí ẹ sì gbé e jáde nígbà tí ó bá pọ́n, kí ó tó pupa dúdú. Ibi tó bá ti jó, ẹ gé e dànù.

Fífọ̀

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù. Apẹ̀rẹ̀ àti dúrọ́ọ̀ nìkan ló ń wọ omi. Ara ẹ̀rọ náà, aṣọ ọ̀rinrin ni kí ẹ fi nù ún. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná fún ìdajì wákàtí, á ṣí fúnra rẹ̀. Kànrìnkàn onírin, yanrìn, eérú àti ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ṣíbí onígi tàbí rọ́bà tó ń gba ooru ni kí ẹ fi yí oúnjẹ nínú rẹ̀. Òróró tí a ń fọ́n láti inú agolo onígáàsì kò dára fún àwọ̀ dúdú yẹn, torí ó máa ń fi ohun kan tó ń lẹ̀ sílẹ̀. Búrọ́ṣì kékeré tàbí ìgò tí a ń tẹ̀ lórí tó. Bí àwọ̀ dúdú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí ẹ ń rí i lára oúnjẹ, ẹ ra apẹ̀rẹ̀ mìíràn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ wo wáyà ìgbóná tó wà lókè. Ọ̀rá tó bá ti gan mọ́ ọn ló ń fa èéfín tí a kò mọ orírun rẹ̀. Aṣọ ọ̀rinrin tàbí búrọ́ṣì eyín tó rọ̀ máa yọ ọ́.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Èéfín funfun, ọ̀rá ló ń jó. Ẹ pa á, ẹ da ọ̀rá inú dúrọ́ọ̀ nù. Èéfín dúdú tàbí òórùn ike, ẹ pa iná láti ara ògiri kíákíá, kí ẹ má sì fa dúrọ́ọ̀ síta, torí atẹ́gùn tó máa wọlé lè sọ èéfín di iná. Ẹ jẹ́ kó pa ara rẹ̀ nínú níbẹ̀. Ẹ má da omi sí i. Bí iná bá ti jáde síta tí kò ṣeé pa, ẹ fa yípadà ńlá tó wà nídìí mítà wálẹ̀ bí ọ̀nà ibẹ̀ bá là, ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbàlagbà jáde, ẹ pe 112.

Bí dúrọ́ọ̀ bá jó ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ náà sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, kí ẹnì kan máa fi ike bu omi kànga dà á lé e lọ. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú. Epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, oyin, ẹ má fi ìkankan sí i. Wọ́n ń há ooru mọ́ inú ara, dókítà á sì tún ní láti ha wọ́n kúrò. Bí ibi tó jó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó náà lọ, tàbí ojú ló jó, tàbí ọmọdé ni, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀ bò ó, kí ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín jù.